Iná ò gba inú kàpásítọ̀ kọjá, síbẹ̀ fáànù ń yí

Bàbá Ìbejì ló kọ̀wé láti Lugbe, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Àbújá. Mo gé lẹ́tà wọn kúrú díẹ̀:

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Fáànù pálọ̀ wa kọ̀, kò yí mọ́ láti ìgbà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀. Tí a bá tàn án, á kàn máa kùn, àfi kí n gun àga kí n fi igi ìgbálẹ̀ tì í kó tó gbéra. Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe wá, ó yọ nǹkan dúdú kékeré kan tó dà bí páálí ìṣáná, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, fáànù sì ń fẹ́ bí ìjì. Ó ní kàpásítọ̀ ni. Kẹ́hìndé ọmọ mi tó wà ní SS2 wá bi mí pé: tíṣà físíìsì àwọn sọ pé ohun tí iná kì í gbà kọjá ni wọ́n fi dí àárín kàpásítọ̀. Tí iná ò bá lè gba inú rẹ̀, kí ló wá ń ṣe nínú fáànù? Mo ní kó lọ sùn. Ọ̀rọ̀ kejì: ọmọṣẹ́ tó tẹ̀lé atúnfáànùṣe yẹn ní tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti yọ kúrò lára iná gbé òun ṣánlẹ̀ rí. Ṣé òótọ́ ni àbí àsọdùn?"

Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi kí Kẹ́hìndé. Ìbéèrè tó bi yín yìí, èmi ò bi tíṣà tèmi rí. Ṣe ni mo há fọ́múlà sórí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì yege. Ìgbà tí mo wá ń kọ́ṣẹ́ ní Kaduna, tí ọ̀gá mi na kàpásítọ̀ sí mi pé "sọ ohun tí èyí ń ṣe", ni ojú tì mí.

Tíṣà wọn kò parọ́. Tí ẹ bá fi ayùn la kàpásítọ̀ fáànù tó ti kú, ọ̀rá gígùn méjì ni ẹ ó bá nínú rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ ju ọ̀rá tí wọ́n fi ń pọ́n búrẹ́dì lọ, wọ́n da irin fẹ́ẹ́rẹ́ lé e lára tó fi ń dán. Wọ́n gbé ọ̀kan lé orí èkejì, wọ́n wá ká méjèèjì pọ̀ bí ẹní. Irin ara ọ̀rá kìíní já sí wáyà kan, irin ara ọ̀rá kejì já sí wáyà kejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìká náà, kò síbi tí irin ti kan irin, ọ̀rá ló wà láàárín wọn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (èérún bíńtín tó ń gbé iná rìn) kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ fò láti ìhín sí ọ̀hún. Tí wọ́n bá ti ń fò láìdáwọ́ dúró, kàpásítọ̀ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ibi tí àwa ti ń ṣìnà ni pé tí wọ́n bá ti ní iná ò gba inú nǹkan kọjá, a máa ń rò pé kò sí iná kankan tó lè máa ṣàn nínú wáyà tó so mọ́ ọn. Ó lè máa ṣàn dáadáa. Ẹ jẹ́ ká fi omi wò ó.

Ẹ mú rọ́bà gígùn tí a fi ń fa omi, ẹ gé e láàárín. Ẹ wá tíúùbù kẹ̀kẹ́, ẹ gé pélébé kan níbẹ̀, ẹ ta á sójú ibi tí ẹ gé yẹn bí wọ́n ṣe ń ta awọ sójú ìlù, kí ẹ sì so ìdajì kejì padà mọ́ ọn kó le dan-indan-in. Ẹ fi omi kún ọ̀tún, ẹ fi omi kún òsì. Tí ẹ bá ti omi láti apá òsì, awọ tíúùbù yẹn á wú sí apá ọ̀tún, bó sì ṣe ń wú ni omi apá ọ̀tún á máa dà jáde. Ẹni tó dúró sí apá ọ̀tún tí kò mọ ohun tí ẹ fi sáàárín lè búra pé omi ń kọjá. Ẹ̀kán omi kan ò kọjá. Ṣùgbọ́n iye tó wọlé lápá òsì gan-an ni iye tó jáde lápá ọ̀tún.

Ẹ máa tì í lọ. Awọ á máa le sí i, á máa ti ọwọ́ yín padà, títí tí agbára ọwọ́ yín àti ti awọ yóò fi dọ́gba, omi á wá dúró. Tí ẹ bá di ẹnu rọ́bà náà pa báyìí, awọ á wà ní wíwú bẹ́ẹ̀: kàpásítọ̀ tó ti kún nìyẹn. Tí ẹ bá tú u, awọ á fà padà, omi á sì ṣàn gba ìdà kejì: kàpásítọ̀ ń tú nìyẹn. Agbára tí ẹ fi ń tì í ni fólítéèjì. Omi tó ń ṣàn ni kọ́rẹ́ǹtì. Bí awọ náà bá ṣe fẹ̀ tó, tó sì rọ̀ tó, ni iye µF (máíkírófáràdì) tí wọ́n kọ sára kàpásítọ̀: èyí tó fẹ̀ máa gba omi púpọ̀ kó tó le, èyí tó kéré á tètè le.

Nínú kàpásítọ̀ fúnra rẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bátìrì ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára irin kan, ó ń rọ wọ́n sára irin kejì. Ọ̀kan di aláìní, èkejì di olówó, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn lójú láti ẹ̀yìn ọ̀rá. Kàpásítọ̀ tó kún, tí ẹ bá ka gbogbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀, kò ju ti èyí tó ṣófo lọ. Wọ́n kàn kó ti apá kan lọ sí apá kejì ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni kò gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti bó ṣe ń kún, kì í kún bí ìgò epo tí gbogbo rẹ̀ máa ń gba epo bákan náà láti ìdí dé ẹnu. Ẹ rántí bí ìyá ìbejì ṣe máa ń di Ghana-must-go nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ ọdún nílé. Aṣọ àkọ́kọ́, ẹ kàn jù ú sínú ni. Ìdajì, ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá ku aṣọ méjì, ẹ ó fi orúnkún lé e lórí, síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni á máa wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sí i, torí ọmọ SS2 ló bi wá. Ká ní a ní bátìrì 9 V, rẹ́sísítọ̀ (ohun tó ń dín kọ́rẹ́ǹtì kù) 10 kΩ àti kàpásítọ̀ 1000 µF, a so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ara wọn. Ní gbàrà tí wáyà bá kanra, kàpásítọ̀ ṣófo, kò tíì ní ohun tó fẹ́ ti padà. Gbogbo 9 V wà lórí rẹ́sísítọ̀, kọ́rẹ́ǹtì sì jẹ́ 0.9 mA. Ìyẹn ni pé ìgbà tí fólítéèjì ara kàpásítọ̀ jẹ́ òdo ni kọ́rẹ́ǹtì pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 10, ó ti di 5.7 V, kọ́rẹ́ǹtì ti wálẹ̀ sí 0.33 mA. Ní 20, 7.8 V. Ní 30, 8.55 V. Ní 50, 8.94 V. Ìṣẹ́jú àáyá 10 yẹn kì í ṣe àdábọwọ́: tí ẹ bá fi rẹ́sísítọ̀ ṣe ìsọdipúpọ̀ kàpásítọ̀ (10,000 Ω × 0.001 F), òun ni ẹ ó rí. Ní gbogbo ìgbà tí àkókò yẹn bá kọjá lẹ́ẹ̀kan, kàpásítọ̀ á gba nǹkan bí 63 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ṣẹ́kù fún un láti gbà. Ó dà bí ẹni tó ń san gbèsè, tí kì í san ju ìpín kan nínú èyí tó kù lọ: gbèsè ń kéré, ṣùgbọ́n kò tán láéláé. Àwa oníṣẹ́ ò lè dúró dè é títí ayé, nítorí náà tí ó bá ti tó ìlọ́po márùn-ún àkókò yẹn, a gbà pé ó ti kún.

Títú náà ń tẹ̀lé ọ̀nà kan náà. Ẹ yọ bátìrì, ẹ so rẹ́sísítọ̀ mọ́ ẹnu kàpásítọ̀ méjèèjì: láti 9 V, ìṣẹ́jú àáyá 10 á mú un wá sí 3.3, 20 á mú un wá sí 1.2, 30 á mú un wá sí 0.45. Kọ́rẹ́ǹtì ń gba ìdà kejì báyìí. Ẹ ti rí i nílé yín láìmọ̀: tí ẹ bá yọ ṣájà kan kúrò lára ògiri, iná kékeré ojú rẹ̀ lè má kú lójú ẹsẹ̀, á rọra ṣú lọ. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ló ń jẹun àjẹkù.

Ohun kan wà nínú gbogbo nọ́ńbà yìí tí mo fẹ́ kí Kẹ́hìndé mú dání, torí òun ló máa dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Fólítéèjì tó dúró sójú kan, ìbáà jẹ́ 300, kò ní rí kọ́rẹ́ǹtì kankan gbà lọ́wọ́ kàpásítọ̀ tó ti kún. Fólítéèjì tó bá ń gòkè tó ń sọ̀, ìbáà kéré, á rí i gbà. Bí ó bá sì ṣe ń yí padà kíákíá tó ni kọ́rẹ́ǹtì á ṣe pọ̀ tó. Kàpásítọ̀ kì í ka ohun tó dúró sí. Ìyípadà ló ń dá lóhùn.

Bátìrì kì í yí padà. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé lára bátìrì, kọ́rẹ́ǹtì á ṣàn díẹ̀, á sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tíṣà wọn dúró síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n iná NEPA (mo mọ̀ pé orúkọ wọn ti yí padà lẹ́ẹ̀mélòó kan, NEPA náà ni ẹnu mi mọ̀) kì í dúró. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ padà sórí rọ́bà omi wa: ẹni kan dì í mú lápá òsì, ó ń tì í, ó ń fà á, ó ń tì í, ó ń fà á. Awọ á máa wú sí ọ̀tún, á máa wú sí òsì, omi ìhà méjèèjì á máa lọ á máa bọ̀, kò sì ní dáwọ́ dúró. Àwọn tó ti jókòó nídìí ewìrì alágbẹ̀dẹ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Atẹ́gùn kì í la awọ ewìrì já, síbẹ̀ èémí rẹ̀ kì í tán níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá ń gbé e sókè sódò. Kàpásítọ̀ 2.5 µF tí wọ́n so tààrà mọ́ iná 230 V, kọ́rẹ́ǹtì nǹkan bí 0.18 A ni mítà á kà nínú wáyà rẹ̀. Tí ẹ bá fi 5 µF síbẹ̀, á di ìlọ́po méjì. Gbogbo èyí, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ò la ọ̀rá kọjá.

Ẹni tó bá rin kinkin mọ́ ọn pé kí ló wá wà láàárín ọ̀rá yẹn, James Clerk Maxwell, onímọ̀ físíìsì ọmọ Sìkọ́tíláǹdì, ti dáhùn rẹ̀ ní àwọn ọdún 1860: agbára tó ń yí padà láàárín irin méjèèjì ń ṣe bí kọ́rẹ́ǹtì gan-an. Kẹ́hìndé á bá a pàdé ní yunifásítì tó bá fẹ́.

Ó ku fáànù. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Nítorí pé ìyípadà ni kàpásítọ̀ ń dá lóhùn, kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ àti fólítéèjì kì í rìn pọ̀. Nígbà tí fólítéèjì bá dé góńgó, fún ìṣẹ́jú bíńtín kò gòkè kò sọ̀, kọ́rẹ́ǹtì kàpásítọ̀ sì jẹ́ òdo. Nígbà tí fólítéèjì ń gba orí òdo kọjá ni ó ń sáré jù, ìgbà yẹn ni kọ́rẹ́ǹtì dé góńgó tirẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì ń ṣíwájú fólítéèjì pẹ̀lú ìdá mẹ́rin ìyípo kan; lórí iná tiwa yìí, ìdá 5 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni. Wáyà tí wọ́n ká, bíi ti inú fáànù, òdìkejì ni àṣà tirẹ̀: kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ ń pẹ́ lẹ́yìn.

Nínú fáànù òkè, oríṣi wáyà kíká méjì ló wà. Ọ̀kan gba iná NEPA tààrà. Èkejì gba tirẹ̀ láti ẹ̀yìn kàpásítọ̀. Ká ní ẹyọ kìíní nìkan ló wà, òòfà tó máa ṣe kàn ń lọ sókè sódò lójú kan ni, kò ní yíká. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tí pẹ́dà rẹ̀ wà lókè téńté: ẹ fi gbogbo ara yín tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ tààrà, kò ní yí. Àfi kí ẹnì kan tì í láti ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kó tó yẹ̀ kúrò lójú ibẹ̀. Wáyà kejì ni ẹni tó ń tì í láti ẹ̀gbẹ́ yẹn, kàpásítọ̀ ló sì ń rí i pé ìgbà tí wáyà kìíní ń sinmi ni èkejì ń tì. Àwọn tó ń gún iyán méjì-méjì nínú odó kan mọ̀ ọ́n: ọmọ odó kan ń gòkè, ọmọ odó kejì ń sọ̀. Tí àwọn méjèèjì bá jọ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìjà ni. Kàpásítọ̀ ló ń pín àkókò fún wọn.

Nígbà tí kàpásítọ̀ pálọ̀ yín ti rẹ̀, ẹni ẹ̀gbẹ́ yẹn kò lágbára mọ́. Wáyà kìíní ń gún odó òun nìkan, ẹ sì ń gbọ́ ọ: kíkùn yẹn nìyẹn. Igi ìgbálẹ̀ tí ẹ fi tì í ni ó rọ́pò kàpásítọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ó bá sì ti ń yí, ó lè máa yí lọ fúnra rẹ̀, bí kẹ̀kẹ́ tó ti gbéra. Ẹ lè má tíì dán èyí wò: ká ní ẹ tì í sí òdì nígbà yẹn, òdì náà ni ì bá máa yí sí, ì bá sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí àjà dípò sí yín lórí.

Ẹ ní ìgbà ooru ló bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì ló jọ pàdé. Agbára tí fáànù fi ń gbéra kì í dínkù bí fólítéèjì ṣe dínkù nìkan, ó ń dínkù jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí iná bá wálẹ̀ láti 230 sí 160 V, agbára ìgbéra ò tó ìdajì mọ́. Nígbà ooru, gbogbo ilé ló ń tan fáànù àti éésì, iná á sì rẹlẹ̀. Kàpásítọ̀ tó ti rẹ̀ díẹ̀, tó ṣì ń tiraka nígbà ọyẹ́, kò ní lè gbé e mọ́.

Ní ti ìdí tó fi rẹ̀, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara ọ̀rá yẹn ni. Tí iná bá dé lójijì pẹ̀lú fólítéèjì gíga, ó lè lu ọ̀rá náà jo bíńtín. Àwọn tó ṣe é gbọ́n: ibi tó bá jo, irin àyíká rẹ̀ á jóná dànù lójú ẹsẹ̀, kàpásítọ̀ á wo ara rẹ̀ sàn, kì í sábà gbiná. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá wo ara rẹ̀ sàn ni irin rẹ̀ ń dínkù. Ọdún ń gorí ọdún, 2.5 µF á di 2, á di 1.6. Ó lè má sí àpá kankan lára rẹ̀ níta. Ẹ̀rọ tó ń wọn µF nìkan ló lè tú u fó, ìdí sì nìyẹn tí n kì í fi bá ẹni tó wo kàpásítọ̀ lójú lásán tó ní "èyí ṣì dáa" jiyàn. Mo máa ń na mítà sí i ni.

Mo bẹ̀ yín, ẹ wo èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Iye µF rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Àwọn kan wà láàárín wa tó máa ń fi 4 tàbí 5 sí ibi tí 2.5 wà kí oníbàárà lè rí i pé fáànù ń sáré, kí owó lè pé. Kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kó sínú wáyà kejì yẹn, wáyà á máa gbóná láìsọ̀rọ̀, ọjọ́ tó bá jóná wọ́n á ní kí ẹ ra fáànù tuntun. "Ó ń fẹ́ bí ìjì" tí ẹ kọ yẹn, ó kọ mí lóminú díẹ̀. Fólítéèjì tí wọ́n kọ sí i kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ (400 tàbí 450 V AC ló wọ́pọ̀). Tó bá ga jù, kò sí wàhálà.

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n kúrú ṣùgbọ́n ó wúwo. Òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ.

Inú tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà alájókòó àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé, wọ́n kọ́kọ́ ń sọ iná NEPA di èyí tí kì í yí ojú padà, wọ́n á sì kó o sínú kàpásítọ̀ ńlá kan. Kí nìdí? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àbújá ti mọ àwọn mai ruwa tó ń ta omi. Kẹ̀kẹ́ omi kan dé, ó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, ó lọ. Ó pẹ́ díẹ̀, òmíràn dé. Omi ń wọlé ní gbì-gbì, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀rọ ìdí dúrọ́ọ̀mù ń ṣàn láìdáwọ́ dúró. Iná ń wá ní gbì-gbì ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kàpásítọ̀ ni dúrọ́ọ̀mù. Rédíò àtijọ́ tó ń kùn lábẹ́ orin, dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ti kéré. Irú kàpásítọ̀ ìyẹn ní omi kẹ́míkà nínú, ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀: ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n nídìí iṣẹ́ ni pé bí ooru bá fi 10°C lé, ẹ̀mí rẹ̀ di ìdajì. Ẹ fojú inú wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi sára ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń pa ní Kano tàbí Sokoto nínú oṣù kẹrin. Tí orí rẹ̀ bá ti wú bí búrẹ́dì, ó ti lọ nìyẹn.

Iná 230 V tí ẹ mọ̀ yẹn, góńgó rẹ̀ ń dé 325 V, góńgó yẹn gan-an ni kàpásítọ̀ ń kó pa mọ́. Kò mọ̀ pé ẹ ti yọ pílọ́ọ̀gì. Tí kò bá sí ohun tó ń tú u, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó máa dúró de ọwọ́. 100 µF ní 325 V, agbára inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 40 ohun tí kàpásítọ̀ fáànù 2.5 µF lè kó ní fólítéèjì kan náà. Kàpásítọ̀ fáànù fúnra rẹ̀ kì í sábà pa iná mọ́ tó bá ṣì so mọ́ fáànù, torí wáyà méjèèjì inú fáànù ló ń tú u lójú ẹsẹ̀. Èyí tí wáyà rẹ̀ bá ti já ni kí ẹ bẹ̀rù. Àkàbà ló sì máa ń ṣe jàǹbá jù níbẹ̀, iná á ta ọwọ́ díẹ̀, ènìyàn á ti òkè já bọ́.

A kì í fi sukudiráfà pa ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ó ń dún gbàmù, orí irin ń yọ́, mo sì ti rí i tí ó gé wáyà ojú páálí ẹ̀rọ dànù. Gílóòbù pupa ayé àtijọ́ tí wọ́n so wáyà méjì mọ́ ni mo ń lò: á tàn fìrì, á kú, lẹ́yìn náà màá fi mítà wò ó kí n tó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ẹni tó ti kọ́ ọ ni, kì í ṣe ti Kẹ́hìndé. Ní ti máíkíróweéfù, ti inú ìyẹn ń gbé ẹgbẹ̀rún méjì fólítì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń pa ènìyàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i nílé yín láti "wò ó díẹ̀".

Ìjìyà yìí ti wà tipẹ́. Láàárín 1745 àti 1746 ni Ewald Georg von Kleist, ọmọ Jámánì, àti Pieter van Musschenbroek ní ìlú Leiden, orílẹ̀-èdè Netherlands, ti ṣèèṣì rí i pé ìgò tó ní omi nínú lè kó iná pa mọ́, iná náà sì nà wọ́n. Ní 1746 kan náà, Nollet, onímọ̀ físíìsì ní ilẹ̀ Faransé, ní kí ẹ̀ṣọ́ ọba 180 di ara wọn lọ́wọ́ mú, ó tú ìgò kan sí wọn lára, gbogbo wọn sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà lójú ọba. Volta ará Ítálì ló wá pè é ní orúkọ tó di "kọ́ńdẹ́nsà" lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì wa. Nígbà tí wọ́n ń to Pẹ̀jò 504 ní Kaduna, kò sí ọmọ mẹkáníìkì tí kò mọ kọ́ńdẹ́nsà. Ohun kan náà ni.

Tí ẹ bá ní ìńfátà, tàràà tó máa ń dún nígbà tí oníṣẹ́ bá ń so wáyà mọ́ bátìrì, kì í ṣe àmì pé ó ti bàjẹ́. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ṣófo, kò sì sí rẹ́sísítọ̀ láàárín, nítorí náà kọ́rẹ́ǹtì àkọ́kọ́ yẹn pọ̀ kọjá ààlà. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ fi rẹ́sísítọ̀ kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó so ó pa.

Kẹ́hìndé lè dán nǹkan tí mo sọ ṣáájú wò lórí tábìlì, kò léwu: bátìrì 9 V, rẹ́sísítọ̀ 10 kΩ, kàpásítọ̀ 1000 µF tí wọ́n kọ 16 tàbí 25 V sí, àti mítà. Ibi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe ló ti máa rí i. Kàpásítọ̀ irú èyí ní apá tó ń lọ sí odi bátìrì, ìlà tí wọ́n kọ "−" sí lára rẹ̀ ló ń fi hàn. Tó bá so ó sódì, ó lè wú, ó sì lè bẹ́. Kí ó fi mítà sí ẹnu kàpásítọ̀, kí ìkejì rẹ̀ máa ka aago fún un, kí ó kọ fólítéèjì sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Ó ṣeé ṣe kí ó má rí 5.7 V ní ìṣẹ́jú àáyá 10. Ó lè rí 5.1, ó lè rí 6.4. Kì í ṣe pé ó ṣìṣe: 1000 tí wọ́n kọ sára irú kàpásítọ̀ yẹn lè jẹ́ 800, ó sì lè jẹ́ 1200, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà kí ó yí ìbéèrè padà. Kí ó wo iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kó tó dé 5.7 V, kí ó fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Tí ó bá jẹ́ 11.3, kàpásítọ̀ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 1130 µF. Bí èmi náà ṣe ń wọ̀n wọ́n nìyẹn ní Kaduna, pẹ̀lú aago ọwọ́, kí n tó rówó ra mítà tó ń ka µF.